Ọba Kì Í Pa Ọ̀kọrin

L'ónìí, ọ̀rọ̀ ojú títì kọ́ l'a gbé wá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín l'a fẹ́ bá yín sọ, ẹnu tí Ọlọ́run dá mọ́ oníkálukú, t'ó fi ń jẹun, t'ó sì fi ń sọ ohun t'ó ń dùn ún. Ẹnu náà wà nínú ewu, púpọ̀ nínú wa kò sì mọ̀.

Ẹ ó rántí oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ní ọjọ́ 3 oṣù náà ni àwọn ọlọ́pàá Èkìtì lọ mú lọ́yà kan n'ílùú Èkó, Dele Farotimi l'orúkọ rẹ̀, wọ́n sì gbé e wá sí Adó wa níbí. Kí l'ó ṣe? Ìwé l'ó kọ. L'ọ́dún 2024 náà l'ó tẹ ìwé kan jáde l'órí bí ìdájọ́ ṣe ń lọ ní Nàìjíríà. Olóyè Afẹ́ Babalọlá, àgbà amòfin, ọmọ Adó, ẹni t'ó dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó l'ọ́dún 2009, fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá pé ohun t'ó wà nínú ìwé náà ba òun l'órúkọ jẹ́. N'ílé ẹjọ́ Májísíréètì ní Adó, ẹ̀sùn 16 ni wọ́n kà sí i l'ẹ́sẹ̀. Kò tán síbẹ̀. Wọ́n tún gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀, ní Adó kan náà, pẹ̀lú ẹ̀sùn 12 mìíràn, nítorí ohun tí wọ́n ní ó sọ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan t'ó jáde l'órí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé Ẹjọ́ Gíga gba béèlì rẹ̀ ní ₦50 mílíọ̀nù, Májísíréètì ní ₦30 mílíọ̀nù. Ọdún Kérésìmesì ku ọ̀la kí ó tó jáde l'ẹ́wọ̀n Adó.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A kò sọ pé òtítọ́ ni ohun t'ó wà nínú ìwé náà, a kò sì sọ pé irọ́ ni. Ẹni t'ó bá fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ orúkọ, ó l'ẹ́tọ̀ọ́ láti bínú bí ẹlòmíràn bá fẹ́ wó o. Ṣùgbọ́n kóòtù kankan kò sọ ẹni t'ó jàre. Ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, Ọọ̀ni Ifẹ̀, Ọba Adéyẹyè Ògúnwùsì, kó àwọn ọba l'ẹ́yìn wá sí Adó, wọ́n bẹ bàbá, bàbá sì gbà. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, àwọn kóòtù méjèèjì ti wọ́gi lé ẹjọ́ náà. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ti èyí yàtọ̀, a sì dúpẹ́ l'ọ́wọ́ àwọn orí adé.

Ó wá ku ìbéèrè kan tí kò jẹ́ k'á sùn. Bí ó bá jẹ́ ọmọ yín ńkọ́?

Ẹ jẹ́ k'á gbà pé ọmọ àgbẹ̀ kan wà n'ábúlé kan l'ẹ́yìn Ìgèdè. Ẹ̀rọ omi tí wọ́n ní àwọn gbẹ́ s'ábúlé náà, ọjọ́ kan ṣoṣo l'ó pọ omi, ọjọ́ tí wọ́n wá ya fọ́tò sí i. Ọmọ náà gbé fóònù, ó sọ̀rọ̀ sínú WhatsApp pé olè ni àwọn t'ó ṣe iṣẹ́ náà, ó sì fi òwe abẹ́ aṣọ kan kádìí rẹ̀, irú èyí tí ìyá àgbà máa ń pa tí gbogbo ìyàwó ilé á bojú, tí wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín l'ábẹ́ gèlè. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ẹni t'ó kan. L'ọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ọlọ́pàá dé. Níbo ni yóò ti rí onídùúró fún ₦50 mílíọ̀nù? Bí a bá ta oko bàbá rẹ̀ mọ́ oko bàbá àgbà rẹ̀, ṣé yóò tó ìdá mẹ́wàá? Ọọ̀ni wo ni yóò gbéra n'Ífẹ̀ torí tirẹ̀? Lọ́yà t'ó l'órúkọ ni wọ́n mú l'ọ́dún 2024, gbogbo ayé l'ó sì pariwo. Ọmọ Ìgèdè yóò wà n'ínú àtìmọ́lé, ìyá rẹ̀ nìkan ni yóò máa gbé abọ́ oúnjẹ lọ, tí yóò máa gbé e bọ̀.

Òfin wo l'ó gbé irú agbára yìí lé wọn l'ọ́wọ́? Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, nígbà tí ìjọba Jonathan ń palẹ̀ mọ́, ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tí àwọn lọ́yà ń pè ní Cybercrimes Act, òfin tí a fi ń bá ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì wí. Kì í ṣe òfin burúkú látòkèdélẹ̀. Àwọn gbájúẹ̀ àti àwọn t'ó ń fi fóònù gbọ́n owó báńkì olówó l'ó wà fún. Ṣùgbọ́n wọ́n ki abala kan bọ àárín rẹ̀, abala 24. Abala náà ní ẹnikẹ́ni t'ó bá fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù rán ọ̀rọ̀ t'ó burú jọjọ, tàbí ti ìhòòhò, tàbí ti àìnítìjú, tàbí ti àlùfàǹṣá, tàbí ti ìhalẹ̀, ọ̀daràn ni. Ó tún ní ẹnikẹ́ni t'ó bá rán ohun t'ó mọ̀ pé irọ́ ni, láti fi bí ẹlòmíràn nínú, láti fi ni í l'ára, láti fi bú u, tàbí láti fi kó àìbalẹ̀-ọkàn tí kò nídìí bá a, ọ̀daràn ni. Ẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí owó ìtanràn ₦7 mílíọ̀nù, tàbí méjèèjì pọ̀.

Láti fi bí ẹlòmíràn nínú! Ẹ̀yin ará, ta ni kò tíì bí ẹnì kan nínú rí n'ígbà ìbò?

Lọ́yà kan t'ó ń jẹ́ Solomon Okedara rí i pé òkùnkùn wà nínú abala yìí, ó pe ìjọba l'ẹ́jọ́ n'Ílé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ n'ílùú Èkó. Ohun t'ó wí kò l'ọ́jú pọ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 39, fún gbogbo ènìyàn l'ómìnira láti sọ èrò ọkàn rẹ̀. Abala 36 sì ní a kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹnikẹ́ni n'íyà fún ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin kò là sílẹ̀ ketekete. Ó wá bi wọ́n pé, kí ni a ń pè ní "burú jọjọ"? Ta ni yóò wọ̀n ọ́n, òṣùwọ̀n wo ni yóò sì lò? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Adájọ́ Mohammed Idris da ẹjọ́ náà nù. Ó ní òfin náà yé ni yékéyéké, àti pé abala 45 ìwé òfin kan náà gba ìjọba l'áyè láti dín òmìnira kù nítorí ààbò ìlú àti ìwà ọmọlúàbí. Okedara kò gbà, ó gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. L'ọ́dún 2019, ilé ẹjọ́ náà ní adájọ́ àkọ́kọ́ l'ó jàre.

A bọ̀wọ̀ fún adájọ́, a ó sì máa bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n pé òfin náà yé ni yékéyéké, àwa kò gbà. Àlùfàǹṣá wo l'ó yé gbogbo ènìyàn bákan náà? Ohun tí wọ́n fi ń dá'pàárá l'ábẹ́ igi n'ígbà tí ẹmu bá délẹ̀, bí a bá gbé e dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ìjà ni. Ohun tí àna lè sọ sí àna rẹ̀ n'ílùú kan, n'ílùú kejì wọ́n á gba owó ìtanràn l'ọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo Ìbàdàn. Bí ọdún Òkèbàdàn bá dé nínú oṣù Kẹta, orin tí tọmọdé tàgbà máa ń kọ káàkiri ìgboro, a kò lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí. Ohun abẹ́ aṣọ l'ó kún inú rẹ̀ bámúbámú, wọn a sì máa fi bá àwọn ẹni ńlá ìlú wí. Ní ilẹ̀ Kétu l'ápá Benin, Ẹ̀fẹ̀ a máa jáde l'óru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a sì máa fi orin tú àṣírí ahun, ọ̀dàlẹ̀ àti olóyè t'ó jẹ owó ìlú. Àwọn t'ó dá ọdún wọ̀nyí sílẹ̀ kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́ o. Wọ́n mọ̀ pé ìlú tí kò bá ní ibi tí ó gbé ń tú inú rẹ̀ síta, ọjọ́ kan ni inú náà yóò bẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ọba kì í pa ọ̀kọrin. Wọn kò ní ọ̀kọrin kì í ṣì í sọ. Wọn kò ní orin rẹ̀ kì í ta ọba l'ára. Wọ́n ní ọba kì í pa á, ó parí.

Èmi tí mo ń kọ èyí, àwọn ìyàwó ilé wa ti kọ mí l'órin rí, l'ọ́jọ́ tí mo pẹ́ dé ibi ìsìnkú. Orin náà burú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. N kò pe ọlọ́pàá. N'ígbà tí ìnáwó mìíràn tún délẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ní Abuja ni wọ́n ti ronú kan àwọn ọ̀rọ̀ inú abala 24. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì l'ó ṣe irú rẹ̀ n'ílùú wọn l'ọ́dún 1935, láti gba àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù s'ílẹ̀ l'ọ́wọ́ àwọn oníyẹ̀yẹ́ t'ó ń bú wọn l'órí wáyà. Àwọn ará India náà yá a lò. L'ọ́dún 2012, wọ́n fi mú ọmọbìnrin méjì níbẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kan l'órí Facebook, pé kí l'ó dé tí gbogbo ìlú fi ní láti ti ìlẹ̀kùn pa nítorí ikú olóṣèlú kan. Ọ̀kan kọ ọ́, èkejì kàn fi ìka tẹ̀ ẹ́ pé ó dùn mọ́ òun ni! Ní oṣù Kẹta ọdún 2015, Ilé Ẹjọ́ t'ó ga jù lọ n'Índíà wọ́gi lé òfin náà. Oṣù méjì l'ẹ́yìn náà ni àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ irú rẹ̀ d'òfin ní Nàìjíríà. Aṣọ tí wọ́n bọ́ sọ nù l'ójú ọ̀nà ni a ṣà wọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Kenya náà wọ́gi lé tiwọn.

Ibi tí ìrànlọ́wọ́ ti wá fún àwa ni Kóòtù ECOWAS. Ní oṣù Keje ọdún 2020, kóòtù náà ní abala 24 tako òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí nínú àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, ó ní kí ìjọba pa á rẹ́ tàbí kí wọ́n tún un ṣe. Ó tún un sọ l'ọ́dún 2022. Ó di oṣù Kejì ọdún 2024 kí Ààrẹ Tinubu tó fọwọ́ sí àtúnṣe. "Burú jọjọ" lọ, àlùfàǹṣá lọ, "láti fi bí ẹlòmíràn nínú" náà lọ. Ohun t'ó kù ni àwòrán ìhòòhò, àti irọ́ tí ènìyàn mọ̀ pé irọ́ ni, t'ó pa láti fi da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí s'ínú ewu.

A pàtẹ́wọ́. Kò tó oṣù mẹ́wàá l'ẹ́yìn àtẹ́wọ́ náà tí wọ́n fi abala 24 kan náà ka ẹ̀sùn 12 sí oníwèé l'ẹ́sẹ̀ ní Adó. Ìlú wo ni ìwé náà dà rú? Ẹ̀mí ta l'ó fi s'ínú ewu? Àwọn t'ó jáde s'ójú títì l'óṣù náà, mímú tí wọ́n mú ọkùnrin náà l'ó bí wọn nínú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò gbọ́ nípa ìwé náà rí l'ó wá ń wá a rà.

Ẹ̀yin àgbà t'ó ti gbọ́njú n'ígbà ìjọba alágbádá kejì, ó yẹ kí ẹ rántí ẹjọ́ Arthur Nwankwo. Ó kọ ìwé kan l'órí bí Gómìnà Jim Nwobodo ṣe ń ṣe ìjọba Anambra. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ ni, ilé ẹjọ́ gíga ní Onitsha sì rán an l'ẹ́wọ̀n. L'ọ́dún 1983, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn n'Énúgu dá a sílẹ̀. Adájọ́ Ọlájídé Ọlátáwùrà là á mọ́lẹ̀ pé òfin ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ yìí, òyìnbó l'ó ṣe é fún àwọn tí wọ́n ń jọba lé l'órí. Kò bá ìwé òfin ìlú olómìnira mu mọ́. Ó ní ẹni t'ó bá wà n'ípò ìjọba gbọ́dọ̀ lè gba àríwísí m'ọ́ra. Bí òǹkọ̀wé bá sì kọjá àyè rẹ̀, kí ẹni tí ó bà l'órúkọ jẹ́ pè é l'ẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́, kí òun náà gbé ìwà àti orúkọ tirẹ̀ kalẹ̀ kí ilé ẹjọ́ wọ̀n ọ́n.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ k'á dúró díẹ̀ l'órí èyí, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà méjì l'ó wà tí ènìyàn lè gbà gbèjà orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà kìn-ín-ní, èmi pe ìwọ l'ẹ́jọ́. Èmi ni n ó sanwó lọ́yà mi. Èmi ni n ó dúró nínú àpótí ẹ̀rí, tí lọ́yà tìrẹ yóò sì máa bi mí l'éèrè l'ójú gbogbo ayé: ṣé o kọ́ ilé náà tàbí o kò kọ́ ọ? Owó náà dà? Bí mo bá jàre, ìwọ ó san owó gbà-má-bínú, ìwọ ó sì kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ. L'ọ́jọ́ tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ t'ó parí, ilé rẹ l'ò ń sùn.

Ọ̀nà kejì, mo lọ sọ fún ọlọ́pàá. Láti ìgbà náà lọ, ìjọba l'ó ń bá ọ jà, kì í ṣe èmi. Epo ìjọba l'ó gbé ọkọ̀ wá mú ọ. Lọ́yà ìjọba l'ó ń rojọ́. O ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú àtìmọ́lé kí ẹnikẹ́ni tó béèrè bóyá òtítọ́ l'o sọ. Ìyà ti ṣáájú ẹjọ́. Bí wọ́n bá dá ọ sílẹ̀ l'ọ́la, ta ni yóò dá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà padà? Ọ̀nà kejì yìí ni mẹ̀kúnnù kò lè gbà mú alágbára. Alágbára nìkan l'ó lè gbà á mú mẹ̀kúnnù. Ìgbà wo l'ẹ gbọ́ pé ọlọ́pàá lọ mú gómìnà nítorí pé ó bú alápatà?

Ẹnì kan yóò wí pé, ṣé ẹ fẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa parọ́ bó ṣe wù wọ́n ni? Rárá o. Irọ́ ń ba ilé jẹ́. Nínú fóònù, irọ́ t'ó kúrò n'Íkẹ́rẹ́ l'ówùúrọ̀ yóò ti dé London kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. A sì mọ ọ̀dọ́bìnrin tí ọ̀rẹ́kùnrin àtijọ́ ń fi àwòrán ìhòòhò rẹ̀ halẹ̀ mọ́, pé bí kò bá mówó wá, gbogbo ìlú ni yóò rí i. Ìyẹn ni àlùfàǹṣá gidi, ìyẹn ni kí ọlọ́pàá gbọ́n epo s'ọ́kọ̀ fún, k'ó lọ mú. Ẹni t'ó bá sì gbé fóònù, t'ó ní kí wọ́n lọ dáná sun ilé àwọn ẹ̀yà kan, a kò bẹ̀bẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn ní í ṣe pẹ̀lú ẹni t'ó ní alága jẹ owó omi? Òfin t'ó bá fi okùn kan so àwọn méjèèjì, ọmọbìnrin náà l'ó ń fi bojú. Olóṣèlú l'ó ń dáàbò bò.

Ìbò l'ó ń mú wọn wá s'ẹ́nu ọ̀nà yín báyìí, ti ẹgbẹ́ t'ó wà l'órí oyè àti tiwa náà. Ẹ má bi wọ́n l'éèrè àpò ìrẹsì. Ẹni t'ó bá fẹ́ lọ sí Ilé Aṣòfin Èkìtì, t'ó ní àga 26, ẹ bi í pé: òfin ìpínlẹ̀ t'ó ń sọ ìbanilórúkọjẹ́ di ọ̀ràn ọlọ́pàá, ṣé ìwọ yóò dìbò kí wọ́n pa á rẹ́, k'ó di ẹjọ́ ẹni sí ẹni nìkan? Ẹni t'ó bá ń lọ sí Abuja, nínú àwọn sẹ́nétọ̀ 3 àti àwọn aṣojú 6 tí Èkìtì ń rán lọ, ẹ bi í pé: abala 24 tí ẹ tún ṣe l'ọ́dún 2024, tí wọ́n sì tún fi mú oníwèé l'ọ́dún náà, báwo l'ẹ ó ṣe là á tí kò ní í sí àyè láti fi mú ẹni t'ó bá sọ̀rọ̀ ìjọba? Kí wọ́n dárúkọ abala náà fúnra wọn. Ẹni tí kò bá mọ abala 24, kò tíì kà á rí nìyẹn.

Ẹ bi àwọn tiwa náà bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣojúsàájú. Bí ẹni t'ó wá l'órúkọ ẹgbẹ́ wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ẹnu, t'ó ní òun yóò ti lọ bi àwọn àgbà ẹgbẹ́ ná, ẹ má tíì bu omi fún un. Ẹ ní k'ó jókòó, k'ó dáhùn, kí ọmọ yín kan sì ká ohùn rẹ̀ sínú fóònù.